Ẹni Tó Bá Ṣa Ìgbín Ló Ni Ín

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ti jáde ilé ìwé, tí ẹ fọwọ́ lẹ́rán tí ẹ ń rò ó pé iṣẹ́ wo ni kí n ṣe, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Mi ò ní kí ẹ wá ṣe iṣẹ́ tí mo ṣe o. Ẹ̀fọ́ ni mo gbìn láyé mi, ní àkùrọ̀ etí odò ní Ìkéré, láti ìgbà ọmọge títí eékún mi fi kọ̀ mí sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọkọ́ àti omi ni iṣẹ́ ẹ̀fọ́, ẹ bá mi fi rẹ́rìn-ín. Ìgbín ni iṣẹ́ ẹ̀fọ́. Ilẹ̀ tútù ni àkùrọ̀, ibi tí ilẹ̀ bá sì ti tutù tí ewé rẹ̀ jọ̀lọ̀, ìgbín ti kọ́lé síbẹ̀ kí ìwọ tó dé. Ẹni tí kò bá lè bá ìgbín ṣe àdúgbò, kó tètè lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀.

Ìyá mi ló mú mi lọ bá Ìyá Báyọ̀ pé kó kọ́ mi níṣẹ́. Àdéhùn tí wọ́n ṣe, mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì bèèrè. Ní ìdájí ọjọ́ kejì mo ti wà ní àkùrọ̀, òtútù ń mú mi, ìkùukùu sì bo orí Olósùnta débi pé àlejò kò ní mọ̀ pé òkè kankan wà níbẹ̀. Ìyá Báyọ̀ gbé igbá kan lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Ṣa ùgbín."

Mo ní ṣé kí n kọ́kọ́ ro oko ni. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Mo ní kí ọ ṣa ùgbín."

Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọkọ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ iṣẹ́ kan ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣáájú mi, Fọlákẹ́ lorúkọ rẹ̀, àwa méjèèjì kò ju ara wa lọ. Òun ló rí i pé ojú ewé lásán ni mò ń wò kiri. Ó sún mọ́ mi, ó fi ìka kan gbé ewé tẹ̀tẹ̀ sókè. Ìgbín ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ bí ọmọ ẹ̀yìn.

"Ẹ̀yìn ewé ni kí o wò. Ojú ewé, ti oníbàárà ni."

Bí iṣẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bí ọ̀rẹ́ wa náà sì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Irú mẹ́ta ni à ń ṣà. Ìgbín ńlá tó tó jẹ ń lọ sínú igbá. Àwọn kéékèèké tí wọ́n ń pè ní ìpéré, tí ẹran wọn kò tó fi kan eyín, ń lọ sọ́dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ Ìyá Báyọ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí kò ní ìkarahun rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ikun imú tó ní ojú ni. Òun ni ọ̀tá wa gan-an. Ìgbín ńlá a máa jẹ ewé, a sì fi díẹ̀ sílẹ̀ fún olóko. Eléyìí ń jẹ irúgbìn láti ọrùn, tí ẹ bá jí láàárọ̀ ẹ ó bá bẹ́ẹ̀dì ṣọkọ tó jẹ́ kìkì ilẹ̀.

Òfin Ìyá Báyọ̀ pọ̀. A kò gbọdọ̀ bomi rin ẹ̀fọ́ lálẹ́, àárọ̀ nìkan ni, torí ilẹ̀ tó bá tutù mọ́jú, àsè lo pe ìgbín sí. A kò gbọdọ̀ fi ewé jíjẹrà sílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì. Bí a bá gbin irúgbìn tuntun, a ó fi eérú yí i ká, a ó da èèpo èkùrọ́ fífọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òjò bá fọ eérú lọ, a ó tún un dà. Fún àwọn aláìníkarahun, a ó da èèpo ìbẹ́pẹ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, a ó fi pákó bò ó. Bí a bá ṣí pákó láàárọ̀, gbogbo ìpàdé wọn ni a ó bá níbẹ̀. Nígbà mìíràn a ó ri abọ́ mọ́lẹ̀, a ó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu sínú rẹ̀. Wọ́n á mu ún, wọ́n á sì kú sínú rẹ̀. Ìyá Báyọ̀ á ní ká pe àwọn ọkùnrin kan ládùúgbò kí wọ́n wá wo ìgbẹ̀yìn ọ̀mùtí.

Fọlákẹ́ kò ní sùúrù fún gbogbo èyí. Ó bu iyọ̀ láti ilé ìdáná ìyá rẹ̀, ó sì wọ́n ọn sórí àwọn aláìníkarahun lórí bẹ́ẹ̀dì tẹ̀tẹ̀. Wọ́n hó, wọ́n yọ́, Fọlákẹ́ jó yí bẹ́ẹ̀dì ká. Kò pẹ́ tí tẹ̀tẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó rọ, ó kú. Ìyá Báyọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan erùpẹ̀, ó fi kan ahọ́n.

"Ta ló se ọbẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi?"

Ó ní kí àwa méjèèjì wa gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ kúrò, kí a lọ ru òmíràn wá láti ìdí kòkó lókè ọ̀hún. Mo ní èmi kọ́ ni mo bu iyọ̀. Ó ní, "O wà níbẹ̀, àbí o ò sí níbẹ̀?" Mo ru ilẹ̀ títí ọrùn fi fẹ́ wọ inú àyà mi. Fọlákẹ́ ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni àwọn aládùúgbò ti ń wí pé bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Ìjà wa kò ju ẹni tó jẹ́ ìkarahun lọ.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìgboro kò mọ̀. Ní àkùrọ̀ wa, ẹ̀fọ́ ní olóko, ìgbín kò ní. Ẹni tó bá ṣà á ló ni ín. Ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó bomi, ẹnikẹ́ni lè wọ inú bẹ́ẹ̀dì ẹnikẹ́ni kó máa ṣa ìgbín. Ewé kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ já mọ́ ọn lọ́wọ́ o, ṣùgbọ́n ìgbín tó bá rí, kó máa gbé e lọ ilé, kó lọ fi jẹ ọbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pè é ní ìtọrẹ. Wọ́n ń bá wa ṣiṣẹ́ ni, ọbẹ̀ wọn sì ni owó iṣẹ́ wọn. Bí o bá dé oko tí o bá èèyàn nínú ẹ̀fọ́ rẹ, "Ẹ kú iṣẹ́ o" ni wàá kí i. Inú ìkùukùu yẹn, o ò ní rí ojú ẹnikẹ́ni, ohùn lásán ni wàá máa gbọ́: ẹni tó ń kí ìyàwó tuntun, ẹni tó ń bèèrè ara ọmọ, Fọlákẹ́ tó ń kọrin tí ohùn rẹ̀ kò dùn. Àárò àárọ̀ yẹn ń sọ mí. Mi ò fẹ́ tàn yín: bí Ọlọ́run bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo padà nínú ayé mi, kì í ṣe ìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo máa mú, àárọ̀ yẹn ni.

A parí iṣẹ́ kíkọ́. Mo fẹ́ káfíńtà, Fọlákẹ́ fẹ́ olùkọ́ kan tí gbogbo ayé ń pè ní Tíṣà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn ọbẹ̀ ìgbín bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn àkàrà. Èmi dúró ti Ìyá Báyọ̀, Fọlákẹ́ gba ilẹ̀ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kò sí ìdájí tí a kì í pàdé.

Kábéèjì ló dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn ìyàwó olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè rẹ̀, Ìyá Báyọ̀ sì gbìn ín. Ìgbín fẹ́ràn kábéèjì ju tẹ̀tẹ̀ lọ; yóò wọ inú ewé lọ, yóò sùn síbẹ̀, o ò sì ní rí i títí dìgbà tí oníbàárà yóò fi rí i. Lásìkò náà ìbàdí ti ń dun Ìyá Báyọ̀, kò lè bẹ̀rẹ̀ pẹ́ mọ́. Báyọ̀ ọmọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀, rí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kérora, àánú ṣe é. Ó ra oògùn ìgbín bọ̀ láti ìrìn àjò, hóró búlúù kéékèèké bí ọkà bàbà. Ẹni tó tà á fún un kìlọ̀ pé kó jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ pé oògùn wà níbẹ̀. Báyọ̀ gbọ́.

Ìyá rẹ̀ ti lọ síbi ìsìnkú ní Òmùò lọ́jọ́ náà, èmi náà ti lọ ilé. Nírọ̀lẹ́, Báyọ̀ fọ́n oògùn sáàárín kábéèjì. Ó gún igi mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì, ó so àjókù ìgbálẹ̀ àti kùùkù àgbàdo mọ́ ọn. Ààlè nìyẹn, ohun tí à ń fi sọ fún olè pé kó má fọwọ́ kan nǹkan yìí. Ó gbà pé òun ti sọ fún gbogbo àkùrọ̀, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹ wo ibi tí àṣìṣe wà. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò ka ìgbín mọ́ ohun tí à ń jí. Olè ẹ̀fọ́ ni ààlè ń bá wí, kò bá ẹni tó wá ṣa ìgbín sọ nǹkan kan.

Bí èmi àti Fọlákẹ́ ṣe dé ní ìdájí, ó rí ààlè, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló fẹ́ jí kábéèjì tí ùgbín ti jẹ tán?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé Báyọ̀ ló ń ṣe bí ọkùnrin oko. Ìgbín pọ̀ lọ́jọ́ náà ju bó ṣe máa ń rí lọ, wọ́n wà ní gbangba, wọ́n ń rìn bí ẹni tí oorun ń kùn. Mo ní òjò àná ló lé wọn jáde. A ṣà wọ́n, igbá kún. Nígbà tí a fẹ́ pín in, mo da ìpín tèmi sínú igbá Fọlákẹ́.

"Gbà, mi ò fẹ́ lónìí."

"Kí ló ṣe ọ? Ṣé ara ọ yá?"

Mo ní ó rẹ̀ mí ni. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé mo lóyún. Kò tíì yọ. Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi pé a kì í pariwo oyún tí kò tíì yọ, ó sì ti kìlọ̀ pé aboyún kì í jẹ ìgbín, kí ọmọ má baà máa da itọ́. Mo ti pinnu pé mo máa sọ fún Fọlákẹ́ bí a bá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo da àwọn ìpéré fún pẹ́pẹ́yẹ, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Oòrùn kò tíì mú rárá tí pẹ́pẹ́yẹ kan fi ṣubú. Ó ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta. Òmíràn tẹ̀ lé e. Mo wò yíká, mo gbé ewé kábéèjì kan, mo rí hóró búlúù lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ìgbà tí mo ju ọkọ́ nù. Mo sáré láti àkùrọ̀ wọ ìlú láìwọ bàtà.

Nígbà tí mo dé ilé Fọlákẹ́, ìkòkò ti sọ̀. Ó ti fi álọ́ọ̀mù fọ ìgbín náà títí gbogbo ikun fi dà nù, ó ti sè é, ó ti bu ti ọkọ rẹ̀ fún un, nítorí ìsinmi ni ilé ìwé wà. Òun alára kò tíì jẹ ju ọbẹ̀ tó fi tọ́ iyọ̀ wò lọ. Mo kígbe láti ẹnu ọ̀nà, "Ẹ má jẹ ẹ́ o!" Tíṣà ń gbé àwo sílẹ̀ lọ́wọ́. Ó rò pé mò ń ṣàwàdà nítorí ìpín mi.

Ó ní, "O pẹ́ jù, ìyàwó. Mo ti jẹ ẹ́ tán."

A fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n sa gbogbo ipá wọn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ṣú bá a láyé.

Àgbàlá ilé ìwòsàn ni Fọlákẹ́ ti kọjú sí mi, níbi tí àwọn ẹbí dúró sí. Kò sunkún. Ó ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Mo ní pẹ́pẹ́yẹ ni mo rí.

Ó ní, "Ìwọ ò jẹ ẹ́. Ìpín ọ, èmi lo dà á fún."

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kó jáde. Ṣùgbọ́n òkú ọkọ rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá níbẹ̀, ẹbí rẹ̀ ń wò mí, báwo ni mo ṣe máa dúró níwájú opó kí n máa sọ pé mo lóyún? Bí ẹni tó ń fi ayọ̀ rẹ̀ han ẹni tí iná jó ilé rẹ̀ ni ì bá rí. Mo pa ẹnu dé. Bí mo ṣe pa á dé ni Fọlákẹ́ rò pé òun ti gbọ́ ìdáhùn. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí ìlú bàbá rẹ̀, Emùré.

Ìyá Báyọ̀ dé, ó fa gbogbo kábéèjì tu, ó ha ilẹ̀ ibẹ̀, ó wa kòtò jíjìn, ó sin ohun gbogbo. Ó lọ kúnlẹ̀ ní Emùré. Àwọn ẹbí gbà á lálejò, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Fọlákẹ́ kò jáde síta. Báyọ̀ lọ sí òkè ọya, ibẹ̀ ló ń gbé dòní. Ó máa ń pè mí lórí fóònù, a máa ń sọ nípa ọmọ àti òjò.

Ní àkùrọ̀, kò sẹ́ni tó tún wọ bẹ́ẹ̀dì ẹnikẹ́ni mọ́. Oníkálukú fi ọparun sọgbà. Àwọn tó ń bẹ̀rù oògùn tẹ́lẹ̀ wá ra tiwọn, nítorí kò sí ẹni tó ń bá wọn ṣa ìgbín mọ́. Kí Ìyá Báyọ̀ tó kú, ó fi ilẹ̀ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Má jẹ́ kí oògùn kan ulẹ̀ mi. Ujọ́ kan, wọn á padà wá ṣà."

Mo pa á mọ́. Mo rí ohun èlò tuntun oríṣiríṣi: agbè tí a fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ di kéènì, kéènì di ẹ̀rọ tó ń fa omi láti odò. Àwọn ọ̀dọ́ gbé ẹ̀rọ oògùn kọ́ ẹ̀yìn bí ẹni pọn ọmọ. Mo ra ẹ̀rọ omi, mi ò ra ti oògùn. Eérú mi, pákó mi, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu mi, pẹ́pẹ́yẹ mi, ó tó mi. Bí oníbàárà bá ní ẹ̀fọ́ mi ní ihò, màá ní ohun tí ìgbín jẹ tí kò kú, ìwọ náà lè jẹ ẹ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rà á. Ṣùgbọ́n ní ìdájí, èmi nìkan ni. Nígbà mìíràn màá kí àárín ìkùukùu pé "Ẹ kú iṣẹ́ o," bóyá ẹnikẹ́ni á dáhùn. Ẹ má pè mí ní wèrè. Ẹni tí àárò ń sọ ló mọ ohun tó ń ṣe é.

Mo bí ọmọ náà, Fúnmi ni. Mo pa èèwọ̀ mọ́, mi ò fi ẹnu kan ìgbín, ọmọ yìí sì da itọ́ títí ó fi wọ ilé ìwé. Ó ti di olùkọ́ báyìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti bi mí pé kí ló dé tí mi ò lọ sí Emùré. Màá ní iṣẹ́ pọ̀. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé tí mo bá sọ ọ́ tán, kó má gbà mí gbọ́. Bí mi ò bá sọ ọ́, mo ṣì lè máa rò pé ọjọ́ kan á gbà.

Ìgbín pàápàá dín kù. Ilé ń sún mọ́ odò, oògùn àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ń ṣàn wá. Èmi tí mo bá ìgbín jà láti kékeré, mo wá dẹni tó ń yọ̀ bí mo bá rí ẹyọ kan lẹ́yìn ewé. Lẹ́yìn náà ni eékún mi ní ó tó gẹ́ẹ́. Tọkọtaya kan láti Kota ni mo fi oko lé lọ́wọ́. Mo fi bí a ṣe ń lo eérú hàn wọ́n, mo sì bẹ̀ wọ́n nípa oògùn. Ní àárọ̀ tí mo fi sílẹ̀, mo fi ọ̀pá tilẹ̀ wọ inú ẹ̀fọ́, mo ṣa gbogbo ìgbín ńlá tí mo rí. Mo gbé igbá náà jókòó sínú ọkọ̀ Fúnmi. Mo ní Emùré ni mò ń lọ.

Ó ní, "Màmá, Emùré tí kò jìnnà yìí, tí ẹ ò lọ láti ọjọ́ tí ẹ ti bí mi."

Mo ní, "Ọ̀nà kọ́ ló jìn."

Fọlákẹ́ jókòó ní iwájú ilé. Irun rẹ̀ ti funfun, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo dárúkọ mi. Mo gbé igbá lé e lẹ́sẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ìkarahun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ùgbín ibẹ̀ nìyí?"

Mo ní, "Ibẹ̀ ni. Oògùn kankan kò kan ilẹ̀ náà rí láti ìgbà yẹn." Mo tún ní, "Fọlákẹ́, oyún ni mo ní. Òun ni mi ò fi jẹ ẹ́."

Ó ní, "Mọ mọ̀."

Mo wò ó.

"Ujọ́ tí wọ́n sọ fún mi pé o bímọ ni mo ti ka oṣù rẹ̀. Mọ mọ̀. Ojú tì mí. Bí ọdún ṣe ń lọ, ló ń wúwo sí i. Mo ní bí o bá wá, màá sọ. O ò wá."

Èmi tó ń retí rẹ̀, òun tó ń retí mi. Mo sunkún, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, mo sunkún níwájú ọmọ mi bí ọmọdé. Fọlákẹ́ pe ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó wá fọ ìgbín náà kó sè é. Nígbà tí ọbẹ̀ dé, ẹ̀rù bà mí láti gbé ọwọ́. Òun ló kọ́kọ́ mú. Eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀, ó ń fi erìgì lọ̀ ọ́ pẹ́, kò tu ú, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló ti àwo sọ́dọ̀ mi.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ tí Fúnmi ń mi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, Fọlákẹ́ di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Ùgbà wo ni a ó tún lọ ṣà?"

Mo wo ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa mọ́. Mo wo eékún mi méjèèjì.

Mo ní, "Lọ́la, Fọlákẹ́. Má pẹ́ o."